Ẹ̀yin Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Fẹ́ẹ́ Gba Ilé Síta Ọgbà: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó, Àtohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Ṣe Tẹ́ Ẹ Bá Wọlé Tán

Bẹ́ ẹ bá dé Àgbówó, níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, lọ́sẹ̀ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe ń gbé fóòmù, fáànù àti báàgì Ghana-Must-Go kiri láti ojúlé kan sí òmíì. Ohun kan náà lẹ máa bá l'Ákọ̀ka l'Ékòó, ní Táńkẹ n'Ílọrin àti ní Ọ̀nà Ẹdẹ n'Ílé-Ifẹ̀. Yàrá tó wà nínú ọgbà kì í tó, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló sì jẹ́ pé ọmọ ọdún kìíní àtàwọn tó ń lọ sọ́dún àṣekágbá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún. Àwọn tó kù á wá ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí láàárín ìlú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí èèyàn máa sùn nìkan nìyẹn. Owó tí òbí fi ọdún kan gbáko dá èsúsú kó jọ lè bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀ láàárín wákàtí kan péré. Ọmọ tó lọ kàwé lè bá ara ẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ohun tí ẹni tó wà ní yàrá kejì ń ṣe. Ẹ̀mí pàápàá lè bọ́ nítorí jẹnẹrétọ̀ tí ẹnì kan gbé sẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tá a fi kó gbogbo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ jọ síbí, kẹ́ ẹ lè tọ́jú ẹ, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń wá ilé lọ́wọ́.

ÀDÚGBÒ LẸ MÁA KỌ́KỌ́ WÒ, KẸ́ Ẹ TÓ WO YÀRÁ

Gbogbo yunifásítì nílẹ̀ Yorùbá ló ní àdúgbò táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gbé. Tí UI ni Àgbówó, Ọ̀rọ́gùn, Sámọ́ńdà, Ajíbọ́dẹ àti Bódìjà. Àwọn ọmọ Poli Ìbàdàn máa ń gbé ní Apẹ̀tẹ̀, Ìjokòdó àti Sángo. Àwọn ọmọ UNILAG wà l'Ákọ̀ka, Abúlé Ọ̀jà, Oníkẹ̀, Ìwáyà, Bárígà àti Yábàá, nígbà táwọn ọmọ LASU wà ní Ìyànà Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Ní OAU, wọ́n máa ń dárúkọ Asherifa, Damico, Parakin, Mayfair àti Ọ̀nà Ẹdẹ. Ti LAUTECH n'Ógbómọ̀ṣọ́ ni Under G àti Adénikẹ́. FUTA l'Ákùúrẹ́ ní South Gate àti North Gate. Ti FUNAAB l'Ábẹ́òkúta ni Camp àti Ìsọ̀lú, ti EKSU l'Ékìtì sì ni Ìwòrókò.

Àdúgbò kan náà lè ní òpópónà tó dára àti èyí tí ọ̀kadà ò ní í gbà láti wọ̀ tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́. Nítorí náà, ẹ má wo orúkọ àdúgbò nìkan. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán: ẹ lọ ní ọ̀sán, ẹ lọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, kẹ́ ẹ sì lọ lẹ́yìn tí òjò ńlá bá rọ̀ tán. Tẹ́ ẹ bá lọ ní ọ̀sán, ẹ máa rí ọ̀nà àti ilé. Alẹ́ lẹ máa mọ̀ bóyá iná wà lójú títì, bóyá àwọn jàǹdùkú ń kóra jọ sí ìkóríta, àti bóyá èèyàn ṣì ń tajà níbẹ̀. Ọ̀nà tí ìyá oníbúrẹ́dì, alábẹ́lá ẹ̀wà àti oníṣòwò POS ṣì wà lálẹ́ fọkàn balẹ̀ ju ọ̀nà tó dá páropáro lọ.

Ọ̀rọ̀ òjò yẹn kì í ṣe eré o. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn, èèyàn tó kú ju 100 lọ, afárá Apẹ̀tẹ̀ sì wà lára ohun tó bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Poli ń gbà lọ sílé-ìwé. Ẹ wo ara ògiri yàrá dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà omi tàbí ibi tí ọ̀dà ti wú lápá ìsàlẹ̀, omi ti wọlé yẹn rí nìyẹn, ó sì tún lè wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà tuntun kun ìsàlẹ̀ ògiri nìkan, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni wọ́n ń fi pamọ́.

ÉJẸ́ǸTÌ Ń BẸ, AYÉDÈRÚ ÉJẸ́ǸTÌ NÁÀ Ń BẸ

Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wálé, jìbìtì ló wọ́pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é rèé. Ẹnì kan á gbé fọ́tò yàrá tó rẹwà sí WhatsApp tàbí Facebook, á ní owó ẹ̀ ò wọ́n. Tẹ́ ẹ bá pè é, á ní èèyàn mẹ́ta ti ń dù ú, pé kẹ́ ẹ tètè san ìdajì kí òun lè bá yín mú un dání. Àwọn míì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá gidi lọ́wọ́, wọ́n á mú yín wọ ibẹ̀, ẹ máa fojú ara yín rí i. Kò tíì parí síbẹ̀ o! Yàrá kan yẹn náà ni wọ́n máa gbà owó ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn márùn-ún, tó bá wá di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kó wọlé, gbogbo yín á pàdé lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ò ní í lọ mọ́.

Ohun tó lè gbani nínú eléyìí ò le rárá: ẹ rí onílé fúnra ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ bá àwọn tó ń gbé ilé náà sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí tí ọmọ bá lo ọgbọ́n:

"Ẹ káàsán o, bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo wá nítorí yàrá tí wọ́n ní ó ṣófo nínú ilé yín."

"Káàsán, ọmọ mi. Ta ló júwe ibí fún ẹ?"

"Éjẹ́ǹtì kan ni, sà. Ó ní kí n sanwó sínú àkáǹtì òun lónìí. Mo ní kí n kọ́kọ́ wá kí yín."

"Èmi? Mi ò rán éjẹ́ǹtì kankan níṣẹ́ o. Bíọ̀dún tó wà ní yàrá yẹn ò tíì kó jáde."

Ìkíni kan péré ló gba owó ọmọ yẹn sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi àwọn ayálégbé tẹ́ ẹ bá bá nílé ní ìbéèrè mẹ́rin yìí: Ta lẹ máa ń sanwó ilé fún? Ta ló ń fún yín ní risíìtì? Kí ló dé tí ẹni tó wà ní yàrá yẹn tẹ́lẹ̀ fi kó jáde? Ṣé wọ́n ti jalè níbí rí? Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ẹ́ tà fún yín, òótọ́ ni wọ́n sábà máa ń sọ.

Tó bá dórí owó, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá orúkọ tó wà lórí risíìtì àti àgírímẹ́ǹtì mu. Bí wọ́n bá ní kíátékà ló ń gbowó, ẹ ní kí onílé fúnra ẹ̀ fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún yín lórí fóònù, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì dípò kẹ́ ẹ kó owó lọ́wọ́, kẹ́ ẹ lè ní ẹ̀rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kó jáde bá ní òun fẹ́ẹ́ ta ìyókù ọdún òun fún yín, ẹ má gbà láìjẹ́ pé onílé mọ̀ sí i. Yàrá kì í ṣe tiẹ̀ láti tà.

Ẹ MỌ GBOGBO OWÓ KẸ́ Ẹ TÓ NÍ BẸ́Ẹ̀ NI

Owó ilé tí wọ́n bá pè fún yín kọ́ lowó tẹ́ ẹ máa san. Ọdún àkọ́kọ́ ní owó éjẹ́ǹtì, owó àgírímẹ́ǹtì àti owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí onílé ń mú dání tẹ́ ẹ bá ba nǹkan jẹ́. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí éjẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹni tó kọ àgírímẹ́ǹtì náà gba ìdá mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ: bí owó ilé bá jẹ́ ₦300,000, owó éjẹ́ǹtì á jẹ́ ₦30,000, ti àgírímẹ́ǹtì á jẹ́ ₦30,000, tí kọ́ṣọ̀n bá sì jẹ́ ₦20,000, àpapọ̀ ẹ̀ di ₦380,000. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, ₦190,000 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kejì, ₦300,000 nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ san. Bí ẹnì kan bá tún bèèrè owó éjẹ́ǹtì lọ́wọ́ yín lọ́dún kejì, ẹ bi í léèrè pé ilé wo ló bá yín wá.

Ẹ tún bèèrè nípa owó oṣooṣù: owó ọdẹ, owó ilẹ̀ gbígbá, owó tí wọ́n ń fi fa omi. Ní ti iná, ẹ wò ó bóyá yàrá yín ní mítà tiẹ̀ tàbí ẹ jọ ń pín in. Bí ó bá jẹ́ mítà olówó-tẹ́lẹ̀ ni, ẹ ra káàdì díẹ̀ sí i níṣojú onílé. Bí gbèsè bá wà lórí ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa rí i, torí wọ́n á ti yọ lára owó yẹn. Gbèsè ẹni tó ti kó jáde kọ́ lẹ wá san.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀ lórí ilé gbígbà. Ní ti Èkó, Òfin Ilé Gbígbà ti ọdún 2011 sọ pé onílé ò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á jẹ̀bi, ẹni tó san án náà jẹ̀bi: owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni. Onílé gbọ́dọ̀ fún yín ní risíìtì. Bí ó bá gba owó kọ́ṣọ̀n tàbí owó ìtọ́jú ilé, risíìtì ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn, ó sì yẹ kó máa ṣàlàyé bó ṣe ná an ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Òfin yẹn ò kan Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, bẹ́ẹ̀ ni kò kan họ́sítẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ti ilé-ìwé fúnra ẹ̀.

Bí onílé bá fẹ́ kẹ́ ẹ jáde, òfin kan náà sọ pé ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé oṣù mẹ́fà, àfi tí àgírímẹ́ǹtì bá sọ nǹkan míì. Ẹni tó ń san lóṣooṣù á gba ìwé oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ méje á tẹ̀ lé e, ilé-ẹjọ́ ló sì lè ní kí wọ́n lé yín. Onílé ò láṣẹ láti yọ ilẹ̀kùn yín, kó ṣí òrùlé lórí yín, tàbí kó da ẹrù yín síta. Ẹ wá rí i báyìí pé "àfi tí àgírímẹ́ǹtì bá sọ nǹkan míì" ni gbólóhùn tó le jù níbẹ̀. Ẹ ka àgírímẹ́ǹtì tán kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú. Bí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ bá le, ẹ fún ọ̀rẹ́ yín tó ń kọ́ òfin kó bá yín kà á. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí èyí tẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àwọn òbí yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ míì, ohun tó wà nínú ìwé tẹ́ ẹ jọ buwọ́ lù ló máa gbà yín. Àdéhùn ẹnu lásán máa ń yí padà tí owó ilé bá ti wọ́n sí i.

ẸNU Ọ̀NÀ, WÍŃDÒ ÀTI ÒGIRI

Tẹ́ ẹ bá wọnú yàrá tí wọ́n fẹ́ẹ́ fún yín, ẹ má wo táìsì nìkan. Ẹ wo ilẹ̀kùn: ṣé ó nípọn, ṣé férémù ẹ̀ ò mì? Ẹ wo wíńdò, ẹ fọwọ́ ti irin tó wà lójú ẹ̀. Ẹ wo bí fẹ́ńsì ṣe ga tó, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá igi tàbí àgbá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí olè lè gùn. Ta ló ń ti géètì lálẹ́, aago mélòó ló sì ń tì í? Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìta ló wà, ṣé iná wà lójú ọ̀nà ẹ̀? Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì gan-an fáwọn obìnrin.

Irin ojú wíńdò dára fún olè, àmọ́ ó lè di pańpẹ́ tí iná bá sọ. Ó yẹ kí wíńdò kan wà tí irin rẹ̀ ṣeé ṣí látinú, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà nítòsí, kí gbogbo ẹni tó ń sùn níbẹ̀ sì mọ ibi tó wà.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé gan-an, iṣẹ́ méjì ló wà kẹ́ ẹ tó tú ẹrù. Àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ àgádágodo àti ìdí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ò mọ iye èèyàn tó ní kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́: ẹni tó kó jáde, ọ̀rẹ́ ẹ̀, kíátékà, káfíńtà. Bí onílé bá ní òun fẹ́ ọ̀kan nítorí pàjáwìrì, ẹ jọ fẹnu kò pé kò ní í wọlé láìsọ fún yín. Ìkejì, ẹ ya fọ́tò àti fídíò gbogbo ohun tó ti bà jẹ́ níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ yẹn náà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa kó jáde, fọ́tò yẹn ló máa bá yín gba owó kọ́ṣọ̀n yín.

JẸNẸRÉTỌ̀ ÀTI GÁÀSÌ

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní nǹkan kan nínú tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ pé òun ń fà á símú, orí á kàn máa fọ́ ọ, ara á rẹ̀ ẹ́, á sì sùn lọ láìjí mọ́. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ wà nínú ilé, ní kọ́ríídọ̀, lábẹ́ wíńdò tàbí ní báákónì. Kì í ṣe ti yín nìkan lẹ máa wò o, ẹ wo ibi tí ará yàrá kejì ń gbé tiẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ abẹ́ wíńdò yín ni, ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹnì kan bá sọ pé orí ń fọ́ òun, pé èébì ń gbé òun, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé e síta níbi tí atẹ́gùn wà, kẹ́ ẹ tó máa wá oògùn orí fífọ́.

Ẹ gbé sílíńdà gáàsì síta bí àyè bá wà. Ẹ fi ọṣẹ olómi yẹ ìdí ọ̀pá rẹ̀ wò, tó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn gáàsì lóru, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ kàn ṣílẹ̀kùn kẹ́ ẹ sì jáde.

ALÁJỌGBÉ

Ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń jẹun ní kíláàsì lè má ṣeé bá gbé. Kẹ́ ẹ tó pa owó pọ̀, ẹ sọ ọ́ tán: ta lorúkọ ẹ̀ máa wà lórí àgírímẹ́ǹtì? Bí ẹnì kan bá kó jáde láàárín ọdún, ta ló máa san ìyókù? Ṣé àlejò lè sùn mọ́jú, ọjọ́ mélòó? Ta ló ń ra gáàsì? Ẹ kọ ọ́ sínú WhatsApp, ó ti di ẹ̀rí nìyẹn. Kẹ́ ẹ dẹ̀ mọ ilé òbí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ bá gbé, kẹ́ ẹ ní nọ́ńbà wọn lọ́wọ́. Ìtìjú kọ́. Bí àìsàn bá dé lóru, ta lẹ fẹ́ẹ́ pè?

Ọ̀rọ̀ ẹni tó wá "sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré" náà wà níbẹ̀. Ohun tí ẹni yẹn bá ṣe nínú yàrá yín, yàrá yín ni wọ́n máa kàn lẹ́nu ọ̀nà.

ÌRÌN ALẸ́

Ọ̀pọ̀ ìjà àti olè tó ń ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́, ojú ọ̀nà láàárín géètì ilé-ìwé àti ilé ló ti ń ṣẹlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kàwé di aago mọ́kànlá, ó sàn kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀ di àfẹ̀mọ́jú, gẹ́gẹ́ báwọn tó ń ṣe TDB ṣe máa ń ṣe, ju kẹ́ ẹ dá rìn padà lọ. Bẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ lọ, ẹ lọ ní mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ má fi fóònù sétí lójú ọ̀nà, ẹ má fi nǹkan dí etí méjèèjì. Ẹ fi ibi tẹ́ ẹ wà ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí fóònù. Ẹ ní ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ kan tẹ́ ẹ mọ̀, tẹ́ ẹ ní nọ́ńbà ẹ̀. Bí olè bá dé bá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní fóònù. Fóònù ṣeé rà.

YÀHÚÙ, ẸGBẸ́ ÒKÙNKÙN ÀTÀWỌN AGBÓFINRÓ

Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Lóru mọ́jú ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC ya wọ ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU ń gbé síta ọgbà n'Ílé-Ifẹ̀, wọ́n sì kó ọmọ tó lé ní ọgọ́ta. Ariwo tó tẹ̀ lé e pọ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà làwọn èèyàn wọn sọ pé wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀gá àgbà EFCC, Ọlá Olúkòyèdé, kéde pé kí àjọ náà má ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóru mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ilé tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ilé ọmọ Yàhúù kì í ṣe ilé tí ẹni tó wá kàwé ń gbà, bó ti wù kí owó ẹ̀ rọjú, bó ti wù kí iná ẹ̀ dúró tó. Ẹ bi ìyá tó ń tajà níwájú ilé náà, á sọ fún yín.

Bí wọ́n bá mú yín láìmọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ má sá, ẹ má jà. Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹ lè dákẹ́ títí ẹ fi máa rí lọ́yà tàbí ẹni tẹ́ ẹ yàn. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀ fún yín lédè tó yé yín. Bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé yín débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ ilé-ìwé dání nígbà gbogbo, kí nọ́ńbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lórí yín, kì í ṣe inú fóònù nìkan, torí fóònù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà.

Ní ti ẹgbẹ́ òkùnkùn, àwọn tó dàgbà níbẹ̀ ò tíì gbàgbé ọjọ́ 10 oṣù keje, ọdún 1999, nígbà tí wọ́n ya wọ ọgbà OAU lóru, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, tó fi mọ́ George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. L'Ékòó, òfin tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú buwọ́ lù lóṣù kẹta, ọdún 2021 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 lélẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, àti ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ilé ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn láti máa ṣèpàdé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kàn ya òun ní yàrá yín fún "mítìǹgì kékeré kan," ẹ ti mọ èsì tó yẹ kẹ́ ẹ fún un.

ALÁDÙÚGBÒ LÈ GBÀ YÍN JU ÀGÁDÁGODO LỌ

Kò sí irin ojú wíńdò tó lè ké ìbòsí. Èèyàn ló ń ké e. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò, bí olè bá ń kó ẹrù ẹ̀ lójú mọmọ, àwọn èèyàn á rò pé òun ló ń kó jáde ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lọ kí onílé, ẹ kí àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ní kọ̀mpáàǹdì, ẹ kí ìyá tó ń tajà níwájú ilé àti ọdẹ àdúgbò. Ẹ sọ orúkọ yín fún wọn. "Ẹ káàárọ̀, mà" tẹ́ ẹ bá ń ki ìyá aláàkàrà lójoojúmọ́ ò ná yín ní kọ́bọ̀, òun ló sì máa sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ mi, àwọn ọkùnrin méjì kan wá bèèrè ẹ láàárọ̀ o, mi ò mọ̀ wọ́n."

Ẹ bèèrè ìgbà tí ẹgbẹ́ lanlọ́ọ̀dù máa ń ṣèpàdé àti iye owó ọdẹ. Ẹ san án lásìkò, ẹ gba risíìtì. Ẹ jáde nígbà tí wọ́n bá ń tún àyíká ṣe. Ẹ rẹ orin yín sílẹ̀ lóru, torí ẹni tó wà ní yàrá kejì lè máa jí lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Àwọn ará àdúgbò kan kórìíra akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ohun tí àwọn tó ti lọ ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa tún orúkọ yẹn ṣe.

Ẹ tún bèèrè nípa àṣà ibẹ̀. N'Íkòròdú, níbi tí LASUSTECH wà, àti láwọn ìlú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, wọ́n máa ń kéde ọjọ́ Orò, tí wọ́n á ní kí obìnrin má jáde. Ọmọ tó wá láti ibòmíì lè má gbọ́ ìkéde náà. Aládùúgbò tó mọ̀ yín ló máa kan ilẹ̀kùn yín láti sọ ọ́.

Bí wàhálà bá dé, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó lè pe 767 náà. Ẹ ní nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín, ti ẹ̀ka ààbò ilé-ìwé yín àti ti Àmọ̀tẹ́kùn tó wà nítòsí. Bó bá jẹ́ ìjà yín pẹ̀lú onílé ni, ẹ má lọ kó jàǹdùkú wá. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ibi ìlàjà kan tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre tí wọ́n kì í gba kọ́bọ̀, Legal Aid Council sì wà fáwọn tí ò lówó lọ́yà ní ìpínlẹ̀ tó kù.

Ìkẹyìn ọ̀rọ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú mú yín sanwó. Yàrá tó bá jẹ́ òótọ́ ò ní í sá lọ nítorí pé ẹ ní ẹ fẹ́ẹ́ kọ́kọ́ kí onílé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbé síta ọgbà tẹ́lẹ̀, ẹ ká ọmọ tuntun tó bá wá sí kọ̀mpáàǹdì yín mọ́ra, ẹ fi ibi tí omi wà hàn án, ẹ fún un ní nọ́ńbà ọdẹ. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ̀yin náà dé, ó dájú pé ẹnì kan ló ṣe é fún yín.